Ta Ló Lẹ́tọ̀ọ́ Láti Ní Kí A Tún Ìbò Dì?

Lẹ́tà ṣíṣí láti Ẹ̀gbẹ́dá sí Ọlọ́lá Barau Jibrin, igbákejì Ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, àti Ọlọ́lá Benjamin Kalu, igbákejì Olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin, àwọn alága ìgbìmọ̀ méjèèjì tó ń ṣe àtúnṣe ìwé òfin 1999

Ẹ̀yin ọlọ́lá,

Mo ń kọ̀wé sí yín láti Ẹ̀gbẹ́dá, lójú ọ̀nà tó ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀. Mo mọ̀ pé èdè tí mo fi kọ̀wé yìí kì í ṣe tiyín, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tí a dìbò fún wà lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún ní Àbújá. Ẹ ní kí wọ́n kà á fún yín. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ lédè wa ni pé bí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa tẹ̀ka sí ìwé ìdìbò, àwa ni.

Ọ̀rọ̀ dídá Ìpínlẹ̀ Ìbàdàn sílẹ̀ láti inú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló fa lẹ́tà yìí. Ó ti pẹ́ tí àwọn àgbà wa ti ń béèrè rẹ̀, ó sì tún jáde nígbà tí Ọba Ràṣídì Ládọjà gorí oyè Olúbàdàn ní oṣù kẹsàn-án 2025. Ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ta aṣọ ní Gbági Titun, ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń bó pákí fún gàrí ní Ẹrúnmu. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ni Ìbàdàn ní nínú 33 tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Márùn-ún wà nígboro. Mẹ́fà tó kù ni àwa tí à ń gbé ìta ìgboro: Akínyẹlé, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìdó, Lágelú, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà-Àrà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá gba ọwọ́ yín kọjá, wọn yóò pè wá síbi ìbò tí àwọn amòfin ń pè ní referendum, ìbò tí kò sí orúkọ olóṣèlú kankan lórí ìwé rẹ̀, àfi ìbéèrè kan ṣoṣo tí a ó fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn. Ìbò bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́ ni n ó máa pè é nínú lẹ́tà yìí.

Mi ò kọ̀wé láti sọ bóyá kí a dá Ìpínlẹ̀ Ìbàdàn sílẹ̀ tàbí kí a má dá a. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, mo mọ ibi tí n ó tẹ̀ka sí, ẹnu mi ò sì ní gbé e jáde níbí. Ohun tí ìwé òfin kò sọ ló ń kọ mí lóminú.

Abala 8 ìwé òfin náà sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó ń ṣojú agbègbè náà kọ́kọ́ béèrè, láti ilé yín méjèèjì, láti Ilé Aṣòfin Ìpínlẹ̀ àti láti ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ènìyàn agbègbè náà fi ìbò fọwọ́ sí i. Kí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìpínlẹ̀ Nàìjíríà gba èsì náà wọlé, kí ẹ̀yin náà sì tún wá fi ìdá méjì nínú mẹ́ta tì í lẹ́yìn. Ọ̀nà náà gùn débi pé láti 1999 títí di òní, ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo kò tíì gba ibẹ̀ yọ. Ológun ló fi àṣẹ pín wa sí ìpínlẹ̀ 36: Gowon ní 1967, Murtala ní 1976, Babangida ní 1987 àti 1991, Abacha ní 1996. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni. A kàn gbọ́ ọ lórí rédíò ni.

Òfin náà sọ gbogbo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá gbà. Kò sọ nǹkan kan nípa ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá kọ̀. Ṣé wọ́n lè padà wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e? Ṣé wọ́n lè padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí wọ́n tún padà wá, títí yóò fi rẹ̀ wá? Ta ló lè ní kí wọ́n padà wá? Ìwé òfin dákẹ́.

Ẹ wo ibi tí ìdákẹ́jẹ́ yẹn tẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ ni tí a bá sọ lẹ́ẹ̀kan, ó parí nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò ní padà wá bi wá lẹ́yìn ọdún márùn-ún pé ṣé a ṣì fẹ́ ìpínlẹ̀ yìí. Wọn yóò ti yan gómìnà, wọn yóò ti kọ́ sẹkitéríàtì, kọmíṣánnà yóò ti wà, owó Àbújá yóò ti máa wọlé lóṣooṣù. Nàìjíríà kò tíì tú ìpínlẹ̀ kan ká rí kí ó dá a padà sínú èyí tí ó ti jáde. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́ wa kò ní ọjọ́ tó ń pé. Ẹni tó ń fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni lè pàdánù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ó sì jàre gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹni tó ń fẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ ní láti borí ní gbogbo ìgbà.

Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń sọ pé títún irú ìbò bẹ́ẹ̀ dì kì í ṣe ìjọba àwaarawa rárá, pé ohun tí ará ìlú bá ti sọ, ó ti sọ ọ́. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn tán. Mo sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti wá. Bí o bá sọ fún Yorùbá tó ti dàgbà pé kí a tún ìbò dì, 12 oṣù kẹfà 1993 ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. MKO Abíọ́lá ń borí, wọ́n dá kíka èsì dúró, Babangida fagi lé e ní ọjọ́ 23 oṣù náà, wọ́n wá ń sọ pé kí a ṣe òmíràn. Wọn ò fi àléébù kan han ará ìlú tí ìbò kejì yóò wò sàn. Èsì ni wọn ò fẹ́. Èyí kì í ṣe títún ìbò dì, bí ẹ bá bi mí. Pípa ìbò ni. Ọgbẹ́ náà kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa rí i pé orílẹ̀-èdè yìí kan náà ti tún ìbò bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́ dì rí, tí ó sì tọ́ kí wọ́n tún un dì. Ilẹ̀ tí wọ́n ti dì í ṣì wà nínú Nàìjíríà títí di àárọ̀ yìí.

Mo ń sọ̀rọ̀ Àríwá Kamẹrúùnù. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìn-ín-ní, nígbà tí wọ́n gba Kamẹrúùnù lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì, Faransé mú èyí tó pọ̀ jù, Gẹ̀ẹ́sì mú ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́bàá Nàìjíríà. Ó ń ṣàkóso rẹ̀ pọ̀ mọ́ wa, lábẹ́ ojú àwọn àjọ àgbáyé. Mubi, Gwoza, Ganye, Gembu lórí òkè Mambilla, gbogbo wọn wà ní apá àríwá ilẹ̀ náà. Nígbà tí òmìnira Nàìjíríà kù díẹ̀, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní kí wọ́n bi àwọn ènìyàn ibẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá 1959, wọ́n bi wọ́n: ṣé ẹ fẹ́ jẹ́ ara Ẹkùn Àríwá Nàìjíríà, tàbí ẹ fẹ́ pinnu nígbà mìíràn? Àwọn tó ní àwọn fẹ́ Nàìjíríà jẹ́ 42,788. Àwọn tó ní ó di ìgbà mìíràn jẹ́ 70,546.

Ó ya Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu, ó ya ìjọba Ẹkùn Àríwá tí Sárdáúnà ń darí ní Kàdúná lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, wọ́n rí i pé inú ń bí àwọn ènìyàn náà sí bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso wọn nílé, sí àwọn ọba àti òṣìṣẹ́ ìbílẹ̀ tí wọ́n ń gbà pé wọ́n ń rẹ́ àwọn jẹ. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi wọ́n, òmíràn ni wọ́n dáhùn. Ẹni tó bá ti gbé abúlé rí mọ bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ wo ohun tí Àjọ Àgbáyé wá ṣe ní oṣù kejìlá ọdún náà. Wọ́n ní kí wọ́n tún ìbò náà dì, ṣùgbọ́n wọn ò kàn gbé àpótí padà wá. Wọ́n ní kí Gẹ̀ẹ́sì ya ìṣàkóso ilẹ̀ náà kúrò lára Nàìjíríà kí ìbò tó dé, kí wọ́n sì tún ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ ṣe. Wọ́n yí ìbéèrè náà padà: Nàìjíríà olómìnira tàbí Kamẹrúùnù olómìnira, ẹ mú ọ̀kan. Ní 1959, ọkùnrin nìkan ló dìbò. Wọ́n ní lọ́tẹ̀ yìí, kí àwọn obìnrin dì í. Ní ọjọ́ 11 àti 12 oṣù kejì 1961, wọ́n jáde: 146,296 ní Nàìjíríà, 97,659 ní Kamẹrúùnù. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà 1961 ni wọ́n wọ inú Nàìjíríà.

Kamẹrúùnù bínú. Wọ́n sọ ọjọ́ 1 oṣù kẹfà di ọjọ́ ọ̀fọ̀, wọ́n gbé Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague, ilé ẹjọ́ náà sì sọ ní oṣù kejìlá 1963 pé òun kò lè dá ẹjọ́ tí kò ní yí nǹkan kan padà mọ́. Mi ò sọ pé ìbò kejì yẹn mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn. Ṣùgbọ́n ẹ fi wé 1993. Ẹni tó ní kí wọ́n tún un dì kì í ṣe ẹni tó pàdánù. Ohun tó ṣe ìbò àkọ́kọ́ ní àbùkù, wọ́n dárúkọ rẹ̀ ní gbangba. Ìbéèrè yí padà. Àwọn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ tẹ́lẹ̀ wọlé. (Ó dùn mí láti fi kún un pé àwọn obìnrin Mubi tó dìbò láti wọ Àríwá Nàìjíríà ní 1961 wá bá ara wọn nínú ẹkùn tí obìnrin kò lẹ́tọ̀ọ́ ìbò. Àwọn ọdún 1970 ti wọlé dáadáa kí wọ́n tó gbà á padà.)

Swítsáláǹdì náà ṣe irú rẹ̀. Ní 1959, àwọn ọkùnrin ibẹ̀ nìkan ni wọ́n bi bóyá kí obìnrin máa dìbò. Ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún kọ̀. Wọ́n tún bi wọ́n ní 1971, ìdá 66 gbà. Ta ló fẹ́ sọ pé èyí kì í ṣe ìjọba àwaarawa? Ọdún méjìlá ló wà láàárín, ìran mìíràn ti wọ ìwé olùdìbò.

Èyí tí àwọn ènìyàn ń bínú sí jù ni ti Áyáláǹdì. Ní oṣù kẹfà 2001, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ kọ́ sí àdéhùn Nice ti àwọn ará Yúróòpù. Oṣù mẹ́rìndínlógún péré ni ìjọba fi dúró, ó tún bi wọ́n ní oṣù kẹwàá 2002, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní oṣù kẹfà 2008, wọ́n tún kọ àdéhùn Lisbon, ìjọba tún padà wá ní oṣù kẹwàá 2009, wọ́n tún gbà. Àwọn agbèjà ìjọba náà lọ́rọ̀ láti sọ. Ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò ló jáde ní 2001, ìdajì ló jáde ní 2002, wọ́n sì gba ìlérí ní kíkọ láti ọ̀dọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tó kù kí ìbò kejì tó wáyé. Ó dára. Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan tí mi ò tíì rí ẹni dá mi lóhùn: bí wọ́n bá ti kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ ni ní 2001 pẹ̀lú ìdá 35 kan náà, ṣé ìjọba á ní iye tó jáde kéré, ẹ jẹ́ ká tún un dì? Ẹ̀yin náà mọ ìdáhùn rẹ̀.

Bí ó ti rí nìyẹn nígbà tó bá jẹ́ pé ẹni tó ń fẹ́ èsì kan ló ní kọ́kọ́rọ́ àpótí ìbò lọ́wọ́.

Mo lè tún gbé e sún mọ́ ilé. Ẹni tó bá wa ọkọ̀ kúrò ní Ẹ̀gbẹ́dá, tó kọjá afárá Aṣéjire, ó ti wọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun nìyẹn. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án 2018, wọ́n dìbò gómìnà níbẹ̀. Adémọ́lá Adélékè ní 254,698, Gbóyèga Oyètọ́lá ní 254,345. Ìbò 353 péré ló wà láàárín wọn. INEC, àjọ tó ń ṣètò ìbò, ní ìbò náà kò tíì parí, nítorí pé wọ́n ti fagi lé èsì ibùdó ìdìbò méje, orúkọ 3,498 sì wà nínú ìwé àwọn ibùdó náà. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, wọ́n tún un dì ní ibùdó méje yẹn nìkan. Oyètọ́lá ló gbẹ̀yìn wọlé, pẹ̀lú ìbò 482. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fọwọ́ sí i ní oṣù keje 2019.

Ìbò gómìnà nìyẹn, kì í ṣe bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́, ṣùgbọ́n ó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ tí ti Áyáláǹdì kò kọ́ mi. N ò ní purọ́ mọ́ INEC: ìlànà tí wọ́n tẹ̀ lé ti wà nílẹ̀ kí ìbò àkọ́kọ́ tó wáyé. Wọn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ibùdó méje ló kù, gbogbo agbára orílẹ̀-èdè ya bo ibùdó méje. Olóṣèlú ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀, ọlọ́pàá kún ibẹ̀, àwọn aṣojú ilẹ̀ òkèèrè tó wá wo ìbò náà sì sọ síta pé ìròyìn ìdẹ́rùbà tí àwọn ń gbọ́ ń kọ àwọn lóminú. Ìwọ̀nba ènìyàn tí kò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ni wọ́n gbé ẹrù ìpínlẹ̀ odindi lé lórí. Bí ẹ ó bá kọ òfin títún ìbò dì, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ó bá jẹ́ kí a tún un dì, gbogbo agbègbè náà ni yóò tún un dì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n padà wá bá wárdù méjì péré ní Ẹ̀gbẹ́dá torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé a lè yí lọ́kàn padà.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú abala 8 tó jẹ́ pé òun gan-an ni yóò bí ìbò àtúndì, bí ẹ ò bá tètè wò ó. Ó ní “ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ènìyàn agbègbè náà.” Àwọn ènìyàn wo? Àwọn tó jáde wá dìbò ni, tàbí gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé olùdìbò? Nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ Ẹkùn Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn wa yìí, òfin ìgbà náà kò ṣe àbọ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Wọ́n dìbò ní ọjọ́ 13 oṣù keje 1963, bẹ́ẹ̀ ni kọjá iye yẹn fíìfíì, wọ́n dá ẹkùn náà sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Awólọ́wọ̀ wà lẹ́nu ẹjọ́ nígbà náà, ìjọba pàjáwìrì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí Ìbàdàn ni, ọ̀pọ̀ nínú wa níhìn-ín ò sì fara mọ́ ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí ẹnu sọ pé kí wọ́n tún un dì. Òṣùwọ̀n náà ga, gbogbo ènìyàn sì ti rí i kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo ìgbà tí wọ́n ti ń pín Nàìjíríà, ìgbà yẹn nìkan ni wọ́n bi ará ìlú.

Lónìí, ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Ní ìbò Ààrẹ 2023, orúkọ tó lé ní mílíọ̀nù 93 ló wà nínú ìwé INEC. Àwọn tó dìbò jẹ́ bíi mílíọ̀nù 25. Bí irú àwọn yẹn bá jáde fún Ìpínlẹ̀ Ìbàdàn, tí gbogbo wọn pátá sì sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò ní tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwé náà, kò ní tó ìdá kan nínú mẹ́ta gan-an. Wọn yóò ní a kọ̀. Ṣé lóòótọ́ la kọ̀?

Àwa ará Ìbàdàn ní ilé nígboro, a ní abà lóko. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló forúkọ sílẹ̀ ní agboolé bàbá rẹ̀ ní Ọ̀jẹ́ tàbí Ìta-Bàálẹ̀, tó jẹ́ pé abúlé lẹ́yìn Ọ̀ṣẹgẹ̀rẹ̀ ló ń gbé, níbi tí kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ wà. Lọ́jọ́ ìbò, ìjọba a ní kí ọkọ̀ má rìn. Ẹni yẹn kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò rí ọkọ̀ ni. Orúkọ òkú ṣì wà nínú ìwé náà, ti àwọn tó ti kó lọ sí Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù náà ṣì wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé oríṣi ìkùnà méjì ló wà, tí ìwé òfin kò sì yà wọ́n sọ́tọ̀: kí a jáde, kí a kọ̀, àti kí a má jáde tó. Ti àkọ́kọ́, ìdáhùn ni. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un. Ti èkejì, kò sẹ́ni tó tíì dáhùn, kò sì burú bí ẹ bá tún béèrè.

Èmi ò sì fẹ́ kí ẹ rò pé títún ìbò dì nìkan ni ará ìlú ń jìyà rẹ̀. Ní Togo, tí kò jìnnà sí wa, wọ́n fi ìbò bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́ gba ìwé òfin wọn wọlé ní oṣù kẹsàn-án 1992, pẹ̀lú ìlànà pé Ààrẹ kò gbọ́dọ̀ ju sáà méjì lọ. Ní 2002, ilé aṣòfin yọ ìlànà náà kúrò. Ní 2024, ilé aṣòfin tún yí gbogbo ètò ìjọba padà, ará ìlú kò tún yan Ààrẹ mọ́. Wọn ò padà lọ bi àwọn tó dìbò ní 1992. Níbẹ̀, àìtún-ìbò-dì gan-an ni ìrẹ́jẹ. Tiwa tilẹ̀ yàtọ̀: “Àwa ènìyàn” ni ìwé òfin 1999 fi bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni bi àwa ènìyàn.

Ẹ̀yin fúnra yín mọ bí a ti ń fi òfin dáàbò bo èsì ìbò. Abala 69 ní kí a tó lè pe aṣòfin kan padà wálé, ju ìdajì àwọn tó wà nínú ìwé olùdìbò àdúgbò rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé. Ní 2018, wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lórí sẹ́nétọ̀ kan ní Kogí. Nígbà tí INEC yẹ ìwé wò, àwọn tó jáde wá jẹ́rìí ọwọ́ wọn kò tó ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀rọ̀ náà sì kú síbẹ̀. Mi ò bá yín jà lórí ìyẹn. Mo kàn ń béèrè pé bí odi tó ga tó báyìí bá lè wà láti dáàbò bo àga aṣòfin, ṣé a kò lè rí èyí tó kéré jù ú lọ fi dáàbò bo bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ará abúlé?

Kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí. Lórí Àríwá Áyáláǹdì, òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1998 sọ pé bí wọ́n bá bi àwọn ènìyàn ibẹ̀ bóyá wọ́n fẹ́ kúrò lábẹ́ Bìrìtéènì, ó kéré tán ọdún méje gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó tún bi wọ́n. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó dìbò kankan lábẹ́ òfin náà, wọn ò sì tíì dì í títí di òní. Ẹ fi wé ìbò 2016 tí Bìrìtéènì fi kúrò nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù, tí àwọn ọmọ wa ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù náà bá wọn dì nítorí pé òfin gba ará Commonwealth tó ń gbé ibẹ̀ láyè. Ìdá 52 sí 48. Kò sí ohun tó sọ ìgbà tí wọ́n lè tún un dì tàbí bóyá wọ́n lè tún un dì. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi jà lórí ìyẹn, ìdílé sì pín lórí rẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ kọ sínú abala 8 ẹni tí “àwọn ènìyàn agbègbè náà” ń tọ́ka sí, kí ẹ sì sọ iye tó gbọ́dọ̀ jáde kí èsì tó dúró. Bí iye yẹn bá jáde tí wọ́n sì kọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi wọ́n ní ìbéèrè náà mọ́ fún ọdún mẹ́jọ, ìyẹn sáà gómìnà méjì. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà ti lè kúrò lórí àga nígbà yẹn. Bí ó bá jẹ́ pé iye tó jáde ni kò pé, ẹ gbà kí wọ́n tún un dì lẹ́ẹ̀kan péré, láàárín ọdún méjì, káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ 11 náà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tún ìwé olùdìbò ṣe. Kí ó má ṣe jẹ́ lẹ́tà gómìnà tàbí ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú ni yóò jí ìbò náà dìde lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ. Kí ó jẹ́ ìwé tí ẹnì kan nínú mẹ́wàá olùdìbò fọwọ́ sí, ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ìgboro má ba à fọwọ́ sí i fún àwa tí à ń gbé oko. Kí wọ́n sì kọ ohun tó ti yí padà láti ìgbà àkọ́kọ́ sórí ìwé ìléwọ́, ní Yorùbá, kí wọ́n kà á ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lọ́jà. Bí wọn ò bá rí nǹkan kan kọ, wọn ò ní ìdí láti padà wá.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó fẹ́ Ìpínlẹ̀ Ìbàdàn lójú méjèèjì ní ọdún mẹ́jọ ti pọ̀ jù, pé mo fẹ́ fi òfin sin ìpínlẹ̀ náà. Mo ní kí ó rò ó wò: bí òfin yẹn bá wà, kò ní sí ẹni tó máa gbé ìbò kalẹ̀ láìmúra, nítorí pé ó mọ̀ pé òun kò ní rí òmíràn gbà lọ́dún tó ń bọ̀. Wọn yóò wá sí Ẹ̀gbẹ́dá, Ọ̀nà-Àrà àti Akínyẹlé láti wá sọ ohun tí yóò kàn wá nínú rẹ̀: ọ̀nà oko wo ni wọn yóò ṣe, bóyá gbogbo nǹkan yóò kàn tún kó sí ìgboro ni, báwo ni wọn yóò ṣe pín gbèsè àti ohun ìní pẹ̀lú àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Òkè-Ògùn, Ìbàràpá àti Ọ̀yọ́, tí òfin kò tilẹ̀ ní bi léèrè nínú ìbò náà. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀rẹ́ mi kò tíì gbà, ṣùgbọ́n ó ti dẹ́kun pípariwo.

Ẹ̀yin ọlọ́lá, iṣẹ́ àtúnṣe òfin náà ṣì wà lọ́wọ́ yín. Àkókò tó dára jù láti kọ ìlànà yìí ni ìsinsìnyí, nígbà tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí yóò borí. Bí ẹ bá dúró di ìgbà tí ìbò bá ti wáyé, ẹnikẹ́ni tó bá pàdánù yóò ní òun lẹ fi òfin náà dè, òótọ́ ni yóò sì sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ kí ẹ tó bi wá.

Èmi ni tiyín,
Àgbẹ̀ kan, olùdìbò ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá